Ica: Bí Àjàrà Ṣe Ń So Nínú Yanrìn, Tí Wọ́n Fi Ń Rí Pisco Sè

Ìlú Ica wà ní gúúsù Lima, olú ìlú Peru, nǹkan bí 300 kìlómítà sí i. Bọ́ọ̀sì máa ń lo bíi wákàtí 4 sí 5 lójú ọ̀nà tó gba etí òkun lọ, yanrìn lọ́tùn-ún, yanrìn lósì, kí ọgbà àjàrà tó kàn yọ lójijì. Òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ má rọ̀ níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Omi òkun tútù tí wọ́n ń pè ní Humboldt ló ń ṣàn kọjá ní etíkun Peru. Afẹ́fẹ́ tó bá gba orí rẹ̀ a tutù, kò ní lè gòkè débi tí yóò fi di òjò. Kùrukùru lásán ló máa ń dà. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe wáìnì, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń sè pisco, ọtí líle tí gbogbo Peru fi ń yangàn.

Orí òkè Andes ni omi ibẹ̀ ti ń wá. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ lókè láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, odò Ica a kún, a sì gbé ẹrẹ̀ wálẹ̀. Tó bá di àárín ọdún, odò náà lè gbẹ táútáú. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ní ipadò tí wọ́n gbẹ́, La Achirana, tó ń pín omi odò kiri oko títí dòní. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Pachacútec, ọba àwọn Inca tó jọba níbẹ̀ kí àwọn Sípéènì tó dé, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Omi tí kò dé oko a rì sínú yanrìn, a di omi abẹ́ ilẹ̀. Orí omi abẹ́ ilẹ̀ yìí ni ohun gbogbo tí àlejò ń lọ wò ní Ica dúró lé, àtọtí, àtadágún.

Àwọn Sípéènì ló kó àjàrà dé ibẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ọdún 1563 ni wọ́n tẹ ìlú Ica dó. Ilẹ̀ náà gba àjàrà: oòrùn ọ̀sán mú kí ṣúgà inú èso pọ̀, ọ̀rinrin kò sì pọ̀ tí èbu yóò fi máa bà á jẹ́. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà wà lára àwọn tó ro oko náà. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìgbà náà ní Peru, a rí àwọn tí wọ́n kọ Lucumí sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn, orúkọ kan náà tí wọ́n fi ń pe àwọn Yorùbá ní Cuba. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá tó bá débẹ̀ mọ èyí kó tó gbé ife sẹ́nu.

Oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin ni ìkórè. Oríṣi àjàrà 8 péré ni òfin gbà fún pisco. Quebranta ló gbajúmọ̀ jù ní Ica. Ní àwọn ilé ọtí kékeré, wọ́n ṣì máa ń da èso sínú ọpọ́n ńlá tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ, àwọn èèyàn a wọ inú rẹ̀ láìwọ bàtà, wọn a máa tẹ̀ ẹ́. Àwọn ilé ńlá ti gba ẹ̀rọ. Omi èso náà a wá máa hó fúnra rẹ̀, ṣúgà rẹ̀ a di ọtí. Wáìnì dúró síbẹ̀. Pisco ṣì ní iná láti gbà.

Ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń sè ògógóró ní Ìlàjẹ kò ní bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ìkòkò bàbà lórí iná, ọ̀pá tó gba inú omi tútù kọjá, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀pá. Ohun tó yàtọ̀ ni òfin. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń sè é. Èyí tó kọ́kọ́ jáde, tí wọ́n ń pè ní orí, wọ́n ń yọ ọ́ sọ́tọ̀, nítorí kò dára lára. Èyí tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń pè ní ara, ni wọ́n ń gbà. Ìrù, tí agbára rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, tí òórùn rẹ̀ sì ti ń wúwo, wọn kì í jẹ́ kó dà pọ̀ mọ́ ara. Níbi tí iṣẹ́ ti le nìyí: wọn kò gbọ́dọ̀ bu omi kankan là á, nítorí náà asètí ní láti mọ ìgbà tí yóò gé e gan-an, kí agbára rẹ̀ lè bọ́ sáàárín ìdá 38 sí 48 nínú 100. Bó bá pẹ́ jù, ọtí náà rọ̀, kò sì sí bí yóò ṣe tún un ṣe.

Lẹ́yìn èyí, ó kéré tán, oṣù 3 ni yóò fi sinmi nínú gíláàsì tàbí irin tí kì í dípẹtà. Àgbá onígi léèwọ̀, ìdí nìyẹn tí pisco fi funfun bí omi, tí kò pọ́n bíi bráńdì àwọn Faransé. Àwọn ará Chile náà ní pisco tiwọn, òfin tiwọn sì gba igi àti omi. Ìjà orúkọ náà kò tíì parí.

Huacachina kò jìnnà, bíi kìlómítà 5 sí ìlú. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, irú Márúwá tiwa, ń lọ síbẹ̀. Adágún kékeré kan ni, igi ọ̀pẹ yí i ká, òkìtì yanrìn gíga sì yí ọ̀pẹ náà ká. Àwòrán rẹ̀ ti wà lẹ́yìn owó bébà 50 soles, owó Peru, rí. Kò sí odò tó wọ inú rẹ̀: ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti sún mọ́ ojú ilẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kànga oko pọ̀ sí i ní àgbègbè náà, pàápàá fún àjàrà jíjẹ àti ẹ̀fọ́ asparagus tí wọ́n ń kó lọ sílẹ̀ òkèèrè, omi abẹ́ ilẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Adágún náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ní báyìí, wọ́n ń fi ẹ̀rọ fa omi láti ibòmíràn dà sínú rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ohun tí àlejò ń yà ní fọ́tò ló jẹ́ iṣẹ́ àdáyébá mọ́.

Ó dáa kí àlejò lọ sí ilé ọtí láàárọ̀, kó sì fi yanrìn sí ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ti rọ̀. Ife kékeré ni wọ́n fi ń tọ́ ọtí wò, àmọ́ oríṣi a máa pọ̀. Ọkọ̀ tó ń gun òkìtì yanrìn, tí kò ju egungun irin, ìjókòó àti bẹ́líìtì lọ, a máa já wálẹ̀ lójijì láti orí òkìtì, inú tó bá kún fún pisco kì í sì í gbà á. Kí onítọ̀hún jẹun dáadáa láàárín méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìtẹ̀jàrà gan-an, oṣù Kẹta ni kó lọ, nígbà ọdún ìkórè wọn; kó tètè gba yàrá sílẹ̀.