Bí Ìdíje WAFU B Ṣe Ń Yan Ikọ̀ Tó Ń Lọ sí AFCON U-17

Kí Golden Eaglets, ikọ̀ Nàìjíríà ti àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 17 lọ, tó dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, wọ́n gbọ́dọ̀ yege ní AFCON U-17, ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà fún ọjọ́ orí wọn. Kí wọ́n sì tó dé AFCON, WAFU B, ìdíje ẹkùn B ti ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wà níwájú. Ìdíje yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà ti dí mọ́ Nàìjíríà ní 2024.

Láyé àtijọ́, orílẹ̀-èdè méjì ló máa ń kojú ara wọn, ẹ̀ẹ̀kan nílé, ẹ̀ẹ̀kan lóde, wọn a sì ro góòlù pọ̀. Nígbà tí AFCON 2019 ń bọ̀ ni CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, pín in sí ẹkùn. Nàìjíríà, Gánà, Côte d'Ivoire, Benin, Tógò, Burkina Faso àti Niger ló wà ní ẹkùn B. Ẹnì kan gbàlejò, àwọn tó kù lọ bá a, ó di pé ọjọ́ mélòó kan péré ló ń pinnu iṣẹ́ ọdún méjì.

Ìpín ẹlẹ́ni mẹ́ta ló le jù nínú ètò yìí. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì péré ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní, ikọ̀ méjì nínú mẹ́ta ló sì ń tẹ̀ síwájú. Ẹni tó bá ti gbá tirẹ̀ tán á jókòó máa wo àwọn méjì tó kù, àwọn yẹn á sì ti mọ iye góòlù tí wọ́n nílò kí wọ́n tó wọ pápá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn U-20 wa nìyẹn ní Benin ní 2020: Côte d'Ivoire nà wọ́n, wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú Gánà, ó parí.

Ní Niamey lọ́dún 2018, ẹni tó gba ife nìkan ló ń lọ sí AFCON. Gánà dé àṣekágbá, Nàìjíríà fi pẹnáríti nà án, ó padà sílé. Nígbà tí AFCON di ikọ̀ 12, àyè di méjì, nítorí náà ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ló wá di ogun gidi. Ní Cape Coast ní 2022, Nàìjíríà na Burkina Faso 2-1 láti gba ife, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ti ní àyè wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ló kù. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2006 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ló lè gbá AFCON 2023. Àṣẹ kan náà ló de WAFU ti 2022, nítorí náà kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ju ọdún 16 lọ níbẹ̀. Ìwé ìbí nìkan kò tó. Láti ìdíje àgbáyé ti 2009, tí wọ́n gbá àṣekágbá rẹ̀ ní Abuja, ni FIFA ti ń lo MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, láti wo ọrùn ọwọ́ òsì. Ibi tí egungun ti ń gùn ni wọ́n ń wò: ìpele mẹ́fà ló wà, ẹni tí tirẹ̀ bá ti dì pátápátá, ìyẹn ìpele kẹfà, kò lè gbá a. Ẹ̀rọ náà kì í sọ ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni. Kí ọmọ bọ́ gbogbo irin ara rẹ̀, kó má sì mira, torí bí ọwọ́ bá mì, àwòrán á dàrú.

Ní 2016, agbábọ́ọ̀lù Golden Eaglets 26 ló kùnà àyẹ̀wò yìí nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Niger ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ní láti tún ikọ̀ tò, Niger sì yọ Nàìjíríà kúrò. Ó yẹ kí MRI ṣáájú àgọ́ ìgbaradì, kí wọ́n má baà lo oṣù púpọ̀ láti kọ́ ọmọ tí kò ní lè gbá a.