Kí Owó Tó Bọ́ Sórí RAM Laptop Tó Ti Pẹ́

Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Adó-Èkìtì, pàápàá lásìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń kọ project, ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n sábà máa ń gbé wá: "Ẹ̀ńjìníà, laptop mi ti ń falẹ̀ jù." Èsì tó sì máa ń yá lẹ́nu jù ni pé RAM rẹ̀ kéré, kí wọ́n fi kún un. Òótọ́ ni nígbà mìíràn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, owó á jáde, RAM á wọlé, ẹ̀rọ náà á sì máa wọ́ bó ṣe ń wọ́ tẹ́lẹ̀. Ohun tó dunni níbẹ̀ ni pé laptop náà fúnra rẹ̀ ìbá ti sọ ibi tó ń dùn ún lọ́fẹ̀ẹ́, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ká ní wọ́n bi í.

Iṣẹ́ tí RAM ń ṣe kò yàtọ̀ sí ti odó nídìí iyán. Inú abà ni iṣu ń gbé, gẹ́gẹ́ bí fáìlì àti app ṣe ń gbé inú hard disk. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gúnyán nínú abà. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ gún gbọ́dọ̀ wọnú odó. Gbogbo ohun tí èèyàn bá ṣí sórí laptop, Word o, Chrome o, WhatsApp o, inú RAM ni ẹ̀rọ ti ń gún un. Bí odó bá kún tí iṣu mìíràn sì tún dé, wọn á bu èyí tí wọn ò tíì gún tán sínú abọ́, wọn á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn á da òmíràn sí i. Tó bá tún kan ti àkọ́kọ́, wọn á tún dà á padà. Bí Windows ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn: yóò kó apá kan ohun tó wà nínú RAM lọ sínú fáìlì kan lórí hard disk tí wọ́n ń pè ní pagefile, yóò sì tún kó o bọ̀ nígbà tó bá di lílò. Lílọ-bíbọ̀ yìí ló ń mú ẹ̀rọ rẹ̀wẹ̀sì. Nǹkan bí 100 nanosecond ni RAM fi ń dáhùn. Hard disk tó ń yí máa ń lò tó millisecond 10, ìyẹn ìlọ́po 100,000. Ìdí nìyí tí laptop oní-4GB fi lè máa ṣe dáadáa nígbà tó bá jẹ́ Word nìkan ló wà lójú, tí yóò sì dákú bí ojú-ìwé Chrome bá ti pọ̀ díẹ̀.

Àmọ́ odó ńlá kò lè mú iyán yá fún ẹni tó ń gún iṣu fún èèyàn méjì péré. Bó bá sì jẹ́ pé ẹni tí wọ́n rán lọ kó iṣu wá láti oko ló ń pẹ́ lọ́nà, odó kọ́ ló jẹ̀bi. Torí náà, ẹni tó ń fa ìdádúró ló yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n rèé. Kí a ṣí gbogbo ohun tí a máa ń lò lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá wọ̀ wá lọ́rùn, kí a má yọ ọ̀kankan sílẹ̀, torí laptop tí kò ṣe nǹkan kan kò ní àìsàn tó máa fi hàn. Kí a wá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Task Manager ló máa jáde. Níbi tí wọ́n kọ Performance sí, kí a wo Memory (RAM náà nìyẹn), kí a wo Disk, kí a wo CPU, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ tó ń ṣe ìṣirò. Bí Memory bá ti lé ní 90%, tí Disk náà sì gun 100% tí kò sọ̀ kalẹ̀, RAM ló ń pariwo. Bí Memory bá wà ní 50% tí Disk ṣì wà ní 100%, hard disk ni. Bó bá jẹ́ CPU nìkan ló ń gun òkè, RAM tó wù kí a rà, kò kàn án. Memory tó wà ní 60% tàbí 70% kì í ṣe àìsàn rárá, Windows mọ̀ọ́mọ̀ ń lo àyè tó bá ṣófo ni.

Lábẹ́ Memory níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Committed, tí nọ́ńbà méjì tẹ̀ lé e, bíi 6.3/9.1 GB. Ti iwájú ni kí a wò. Ohun tí gbogbo app tó wà ní ṣíṣí ti bèèrè fún ni, yálà RAM gbà á tàbí kò gbà á. Bí RAM bá jẹ́ 4GB tí nọ́ńbà yìí sì jẹ́ 6.3, tí Disk tún ń jó lókè, 8GB ni ìwọ̀n ẹni náà. Bí RAM bá jẹ́ 8GB tí nọ́ńbà náà kò sì kọjá 5, èyí tí a bá fi kún un á kàn jókòó síbẹ̀ ni.

Ọ̀pọ̀ laptop tòkunbọ̀ àtijọ́, hard disk tó ń yí ló wà nínú wọn, òun gan-an ló sì máa ń jẹ̀bi jù. Kí a máa ra RAM sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kí a tó pààrọ̀ hard disk rẹ̀ sí SSD, ìyẹn disk tí kò ní ohun tó ń yí, fífi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Nǹkan bíi 100MB ni hard disk ń kó ní ìṣẹ́jú àáyá kan. SSD oní-SATA, èyí tó ń wọ ojú ihò kan náà pẹ̀lú hard disk, ń kó tó 500MB, kò sì sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀ tí yóò máa wá fáìlì kiri. Ní Ìwòrókò tàbí Ọ̀yẹ́, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ lè tan laptop lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ nítorí pé bátìrì ti kú tí iná sì ń lọ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ yìí tún wá lágbára sí i: iṣẹ́ disk ni títan ẹ̀rọ, kì í ṣe iṣẹ́ RAM.

Bó bá wá jẹ́ RAM lóòótọ́, ó ku kí a mọ̀ bóyá laptop náà á gbà á. Task Manager yẹn kan náà máa ń kọ Slots used, fún àpẹẹrẹ 1 of 2: ihò kan ṣófo nìyẹn. Bí ó bá kọ Row of chips síwájú Form factor, wọ́n ti jó RAM náà mọ́ bọ́ọ̀dù nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo MacBook Air rí, kò sì sí ẹ̀ńjìníà tó máa kàn yọ ọ́. Windows oní-32-bit kò lè lo kọjá 4GB, torí náà ó gbọ́dọ̀ di 64-bit kí owó tó jáde. Irú RAM náà, bóyá DDR3 ni tàbí DDR4 tó dé lẹ́yìn rẹ̀, tún ṣe kókó. Eyín 204 ni DDR3 ti laptop ní, DDR4 ní 260, ibi tí wọ́n ti gé àlàfo sí lára wọn kò sì bára mu, ọ̀kan kò lè wọ ihò èkejì. Èyí tó máa ń tan èèyàn jẹ ni DDR3 àti DDR3L: wọ́n jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n 1.5V ni ti àkọ́kọ́, 1.35V ni ti èkejì, laptop tí CPU rẹ̀ jẹ́ Intel ìran kẹrin sì nílò èkejì. Kí a yọ ti inú rẹ̀ dání lọ sọ́jà ló dára jù. Bí ihò bá jẹ́ méjì, kí a fi 4GB kún 4GB sàn ju kí 8GB dá wà nínú ihò kan lọ, torí ẹ̀rọ á máa gba méjèèjì kó nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti 4GB sí 8GB, owó náà kì í ṣòfò tí àyẹ̀wò bá ti fọwọ́ sí i. Láti 8GB sí 16GB, ó di dandan kí ó jẹ́ ẹni tó ń ge fídíò tàbí tó ń ya àwòrán ilé. Láti ìparí ọdún 2025 sì ni owó RAM ti ń gbẹ́nu sókè káàkiri àgbáyé, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ AI ń rà á lọ. Ohun mìíràn tó yẹ kó wọnú ìṣirò ni pé Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 sì ń béèrè CPU Intel ìran kẹjọ sókè, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀. Laptop tí kò tó bẹ́ẹ̀ ṣì lè lo Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń dúró ní ipò Windows, àmọ́ kí ẹni tó ni ín mọ̀ kí ó tó náwó lé e.

Fífi RAM sí i kò pẹ́. Kí a pa ẹ̀rọ, kí a yọ bátìrì, kí a fọwọ́ kan irin láti mú iná ara kúrò. RAM á wọlé ní ìdagẹ̀rẹ̀, a ó sì tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí apá irin méjèèjì yóò fi dì í mú pẹ̀lú ìró. Bí ojú ẹ̀rọ bá dúdú lẹ́yìn títàn, kò tíì wọlé dáadáa ni. Kí a yọ ọ́, kí a tún fi sí i. RAM àlòkù ló wọ́pọ̀ lọ́jà, nítorí náà kí a jẹ́ kí Windows Memory Diagnostic, ètò àyẹ̀wò RAM tó wà nínú Windows, yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà, kí a tún ṣí gbogbo ohun tí a ṣí lọ́jọ́ àyẹ̀wò, kí a sì padà sí Task Manager. Committed lè wà ní 6.3 rẹ̀, Disk ni kí a máa wò bóyá ó ti sọ̀ kalẹ̀ láti 100%.