Ìwé ọjà yín ò mọ ẹni tó padà lọ́wọ́ òfo

Òkun o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ta lọ́tìrì. Lóṣù tó kọjá nìkan, èèyàn mẹ́rin ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Kabba pé "Bọ̀dá, nọ́ńbà wo ló máa jáde?" torí ẹnì kan ti sọ fún wọn pé mo máa ń fi kọ̀ǹpútà fa nọ́ńbà. Òótọ́ ni, mo máa ń fà á, àmọ́ kì í ṣe kí n lè mọ ọ̀la, Ọlọ́run nìkan ló mọ ìyẹn. Mò ń fà á kí ẹ lè mọ iye tí ẹ máa jẹ àti iye tí ẹ máa pàdánù, bí ọ̀la bá ṣe wù kó rí.

Orúkọ ọ̀nà yìí náà wà lára ohun tó ń dà wọ́n láàmú. Monte Carlo ni wọ́n ń pè é, ibi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ ní Monaco. Ṣùgbọ́n Stanislaw Ulam, onímọ̀ ìṣirò tó ronú kàn án ní 1946, ara rẹ̀ ni ò yá, ó jókòó ń ta káàdì, ó fẹ́ mọ bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ tó pé káàdì náà á bọ́ sí i, ìṣirò yẹn le, ló bá ní ṣé kò ní dáa kí òun kàn ta á lọ́pọ̀ ìgbà kí òun sì ka iye tí òun jẹ. Òun àti John von Neumann, onímọ̀ ìṣirò bíi tiẹ̀, ló gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ bọ́ǹbù átọ́míìkì ni wọ́n sì fi ṣe.

Ìyá oníbúrẹ́dì kan ló jẹ́ kí n kọ èyí. Dísẹ́ńbà, nígbà tí àwọn ọmọ wa ń wálé láti Èkó àti Abuja, wòlíì kan sọ fún un pé búrẹ́dì 240 lójúmọ́ ni wọ́n fi han òun, ọmọkùnrin kan tó gbé láptọ́ọ̀pù dání sì tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, 240 náà ló jáde, ó gba 20,000 naira lọ́wọ́ rẹ̀ ó sì bá tiẹ̀ lọ. Màmá yáwó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó ń ṣe 240 lójoojúmọ́. Nígbà tí mo débẹ̀ ní Jánúárì, búrẹ́dì tó ti bu kún àpò mẹ́ta lẹ́yìnkùlé. Ẹni tó bá fa nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan tó wá pè é ní ìdáhùn, olè ni, mi ò fi ọ̀rọ̀ bò ó.

Ẹ wò ó. Búrẹ́dì kan ń ná màmá ní 800, ó ń tà á ní 1,000, èyí tó bá di ọjọ́ kejì, àwọn bíríkìlà ló ń tà á fún ní 500. Nínú ìwé ọjọ́ 100 rẹ̀, ọjọ́ 30 ló ta 80, ọjọ́ 40 ló ta 120, ọjọ́ 20 ló ta 160, ọjọ́ 10 ló ta 240, ìyẹn ìgbà tí wọ́n bá ń ṣòkú tàbí tí tírélà há sọ́nà Obajana. Ọmọ rẹ̀ ṣe áfíréèjì, ó ní 128, ó ní tí wọ́n bá ń ṣe 128, èrè 25,600 lójúmọ́. Ọjọ́ wo ni 128 wá rí?

Mo gé ìwé 100: 30 ni mo kọ 80 sí, 40 ni mo kọ 120 sí, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dà á sínú igbá, mo ní kí màmá fa ọ̀kan, ìyẹn ni ọ̀la, a ṣírò èrè ọjọ́ yẹn fún iye búrẹ́dì tí a fẹ́ dán wò, ó dá ìwé padà, ó gbọn igbá, ó tún fà. Ẹ má gbàgbé ká dá a padà o, ọmọ iṣẹ́ mi kan ò dá a padà nígbà kan, kò pẹ́ tí gbogbo 240 fi tán nínú igbá. Kọ̀ǹpútà ló bá wa fa èyí tó kù, ó tó ẹgbẹ̀rún ìgbà, =RAND() lórí Excel, tó máa ń mú nọ́ńbà èyíkéyìí láàárín 0 sí 1 jáde, ló ń ṣe iṣẹ́ igbá, kò le.

Áfíréèjì èrè lójúmọ́ tó jáde: 128 ò mú 25,600 wá, nǹkan bí 16,800 ni. 120 mú 18,000 wá, 160 mú 12,000. 240 tí wòlíì sọ, 8,000 ni màmá ń sọ nù lójúmọ́.

Ọ̀pọ̀ yín á fẹ́ dúró síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Mo bi màmá pé kí ló dé tí 120 fi pọ̀ tó báyìí, ó ní, "Ààrò wa ò gbà ju 120 lọ, Bọ̀dá, àfi tí mo bá ti gbọ́ pé òkú wà ni mo máa ń ṣe ẹ̀ẹ̀kejì." Ṣé ẹ rí i? 120 yẹn, ààrò ló sọ ọ́, kì í ṣe kásítọ́mà. Mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ Tuesday kan. Búrẹ́dì tán ní aago mẹ́wàá àbọ̀. Mo ń fi ẹ̀wà kà wọ́n, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ẹ̀wà 43 ti wà nínú ife, títí kan ọmọbìnrin kékeré kan tó di 1,000 mọ́wọ́, ó wo inú àpótí gíláàsì, ó yí padà, òdìkejì títì ló lọ rà á. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn nínú ìwé màmá, 120 náà ló kọ. Ohun tí ẹ tà yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n béèrè, tí ẹ bá fi ohun tí ẹ tà kún igbá, ẹ̀yin àti kọ̀ǹpútà á jọ ṣìnà ni, ẹ̀ báà fà á ní mílíọ̀nù ìgbà.

Ìwé náà ló tún yọ wá. Ọmọ tó ń bá a tajà máa ń kọ aago tí wọ́n bá tilẹ̀kùn síbẹ̀, nínú ọjọ́ 40 yẹn, 35 ni wọ́n ti tilẹ̀kùn kó tó di ọ̀sán. 120 tó tà àti ẹ̀wà 43 yẹn, ó lé díẹ̀ ní 160, torí náà a pa ìwé 35 náà dà sí 160, a tún fà á: 160 tó ń mú 12,000 wá di 19,000, ó ju 120 lọ. Màmá ti ń wá ààrò kejì.

Torí náà, tí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹ má mú àlá wá, ẹ mú ìwé ọjà wá, kí aago tí ọjà tán sì wà nínú rẹ̀ lójoojúmọ́.