Ọjà ìlú ẹsẹ̀ òkè: ó kún ní Àbámẹ́ta kan, ó ṣófo ní òmíràn

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi ń lọ wo òkè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, ó ní ọjà ìlú tí òun gbà kọjá kún dé ojú títì. Èmi náà lọ síbẹ̀ ní Àbámẹ́ta, àtíbàbà lásán ni mo bá, àti ewúrẹ́ tó sùn sábẹ́ wọn. Ta ló ń parọ́ nínú wa?

Ìdáhùn: Kò sẹ́ni tó parọ́. Ọ̀pọ̀ ọjà ìgbèríko nílẹ̀ Yorùbá ni kò ka ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje sí. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin àtijọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ lé, èyí tí àwọn oníṣẹ̀ṣe ṣì fi ń ka ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta àti ọjọ́ Ọbàtálá. Ọjà ọrọọrún la ń pè é, torí pé àwọn àgbà máa ń ka ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ná an lónìí, òní ni ọjọ́ kìíní, ọjọ́ karùn-ún ni wọn ó tún ná an. Ẹni tó bá ń fi kàlẹ́ńdà ka tiẹ̀, kó fi ọjọ́ mẹ́rin kún òní.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní ọjà bọ́ sí Àbámẹ́ta yìí. Èyí tó kàn á bọ́ sí Ọjọ́rú, lẹ́yìn náà Àìkú, Ọjọ́bọ̀, Ajé, Ẹtì, Ìṣẹ́gun, kó tó tún kan Àbámẹ́ta. Ọjọ́ 28 gbáko nìyẹn. Nínú Àbámẹ́ta mẹ́rin tó tẹ̀ léra, ẹyọ kan ṣoṣo ló ní ọjà. Ọ̀rẹ́ yín ṣe kòńgẹ́ ẹyọ kan yẹn, ẹ̀yin bọ́ sínú mẹ́ta yòókù.

Àwọn ìlú mìíràn ń ná ọjà ìsán, tó ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ. Ìyẹn rọrùn ṣọ́: bó bá bọ́ sí Àbámẹ́ta, Àìkú ló kàn, lẹ́yìn náà Ajé, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa sún lọ. Ti ìtàdógún tún jìnnà síra jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ 16 ló máa ń wà láàárín ọjà kan àti èkejì.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọn ò kúkú ná an lójoojúmọ́?

Ìdáhùn: Ta ni yóò rà á? Iye ènìyàn tó wà ní ìlú kékeré kò lè gbọ́ bùkátà alátẹ lójoojúmọ́, àgbẹ̀ náà ò sì lè fi oko sílẹ̀ láàárọ̀ gbogbo. Bí gbogbo wọn bá kóra jọ ní ọjọ́ kan, ọjà á yá.

Àwọn ìlú tó múlé ti ara wọn pín ọjọ́ náà láàárín ara wọn ni. Èyí ń ná tirẹ̀ lónìí, òmíràn lọ́la, ìkẹta lọ́túnla, ìkẹrin lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Alájàpá á máa yí wọn ká bẹ́ẹ̀, láì sí ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ àfi tó bá fẹ́ sinmi. B. W. Hodder, onímọ̀ jọ́gíráfì, kọ̀wé lórí ètò yìí nílẹ̀ Yorùbá ní 1961. Ìdí tí àwọn ọjà náà ò fi jìnnà síra kò ṣòro: kí ọkọ̀ tó dé, orí ni wọ́n fi ń ru epo àti iṣu, ẹni tó bá sì ru ẹrù gbọ́dọ̀ lọ, kó tà, kó sì délé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìlú náà kì í ṣófo pátápátá láàárín ọjọ́ ọjà o. Ẹ wo iwájú ààfin, ẹ óò rí Ọjà Ọba, níbi tí wọ́n ti ń ta ata àti ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́.

Ìbéèrè: Ṣé àwọn ará orí òkè ni ọjà náà wà fún ni?

Ìdáhùn: Láyé ogun, orí òkè ni ibi ìsádi. Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè tiwọn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ láyé ìjọba Òyìnbó. Ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè lọ́hùn-ún, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lèèyàn ń gùn débẹ̀, UNESCO sì ti kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ibi tí wọ́n lè fi ṣe ogún àjùmọ̀ní ayé láti 2007. Nígbà tí ogun parí tí títì sì dé, ìsàlẹ̀ ló kù tó rọrùn fún ọjà, torí ọkọ̀ kì í gun àpáta. Ohun tí igbó òkè ń mú jáde ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá síbẹ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, obì, orógbó, ìgbín, ewé gbódògì tí wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín.

Ìbéèrè: Kòkó ni mo rí tí wọ́n sá sí etí títì lọ rẹrẹẹrẹ, àmọ́ n ò rí ẹnì kan tó pàtẹ rẹ̀ lọ́jà.

Ìdáhùn: Kòkó kì í bá iṣu pàtẹ. Nígbà tó bá gbẹ, àgbẹ̀ á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń rà á, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n, ìyẹn ò sì dúró de ọjọ́ ọjà. Títí di 1986, ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ló ń dá iye owó rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú ìgbìmọ̀ náà ká, àwọn oníṣòwò ló ń rà á tààrà.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè ná ọjà kí n sì gun òkè lọ́jọ́ kan náà?

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é, àmọ́ n ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Àárọ̀ ni ọjà ń dùn, àárọ̀ náà ni òkè ń ṣeé gùn kí oòrùn tó mú. Alájàpá ti ń kó ojúlówó ẹrù láti ìdájí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gun òkè, àṣàkù ni yóò bá. Ẹ sun ìlú náà mọ́jú bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ ná ọjà lónìí, kí ẹ gun òkè lọ́la. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ra ohun tí ẹ fẹ́ láàárọ̀ kùtù, kí ẹ sì bẹ ìyá tó tà á fún yín pé kó bá yín tọ́jú rẹ̀ títí ẹ óò fi sọ̀ kalẹ̀. Ẹ bi í pé aago mélòó ló ń palẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè: Báwo ni màá ṣe wá mọ ọjọ́ ọjà kí n tó kúrò nílé?

Ìdáhùn: Ẹ béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń ná ìlú náà, torí ọjọ́ ọjà ni owó rẹ̀. Ẹ bi í ní ìbéèrè méjì: ìgbà wo ni wọ́n ná an kẹ́yìn, àti ṣé ọrọọrún ni, ìsán ni, tàbí ọjọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀. Ẹ má gbàgbé èkejì, torí àwọn ìlú kan ti fi ọrọọrún sílẹ̀, tí wọ́n gbé ọjà wọn sí ọjọ́ kan pàtó láàárín ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Bó bá jẹ́ ọrọọrún ni, ẹ máa fi mẹ́rin-mẹ́rin kà á lọ lórí kàlẹ́ńdà fóònù yín títí tí yóò fi kan ọjọ́ tí ẹ ráyè.