Bí òjò oníjì ṣe di ohun tí awakọ̀ hẹlikọ́pítà ń fi máìlì sá fún

Ará Ìlọrin mọ̀ ọ́n lóṣù kẹrin: ojú ọ̀run á ṣú láti ìlà-oòrùn, eruku á bo títì, páànù á máa pariwo, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kán òjò kan ò tíì kán. Ẹ̀fúùfù tútù tó ń ṣíwájú òjò yìí wà lára ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà rán bàálù lọ wò ní Florida lọ́dún 1946 àti ní Ohio lọ́dún 1947. Horace Byers, onímọ̀ nípa ojú ọjọ́, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Wọ́n á to bàálù ogun P-61 márùn-ún léra, láti ẹsẹ̀ bàtà 5,000 títí dé 25,000, gbogbo wọn á sì wọ inú òjò kan náà. Wọ́n wọ̀ ọ́ ju ìgbà 1,300 lọ.

Wọ́n rí i pé bíi wákàtí kan ni ìkùukùu òjò kọ̀ọ̀kan ń lò. Lákọ̀ọ́kọ́, atẹ́gùn inú rẹ̀ ń ròkè ni. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, èyí tó ń ròkè àti èyí tó ń já wálẹ̀ á jọ wà níbẹ̀; ìgbà náà ló burú jù.

Àjọ ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà wá ní kí awakọ̀ fi máìlì òfurufú 20, bíi kìlómítà 37, jìnnà sí òjò oníjì tó bá le. Tí a bá gba òfurufú, Ọ̀fà sí Ìlọrin ò fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjò tó ṣú sórí Ọ̀fà kì í ṣe òjò ọ̀nà jíjìn.

Ti hẹlikọ́pítà tún le sí i, torí abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀ ló gbé e dúró. Ní January 19, 1995, lórí Òkun Àríwá, mànàmáná kọ lu abẹ̀bẹ̀ ìrù Super Puma kan. Awakọ̀ gbé e balẹ̀ sójú omi, gbogbo èèyàn 18 tó wà nínú rẹ̀ sì yè. Ti July 16, 2002 ò rí bẹ́ẹ̀: apá abẹ̀bẹ̀ hẹlikọ́pítà S-76 kan kán lókè, èèyàn 11 kú. Mànàmáná ti kọ lu apá yẹn lọ́dún 1999, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Àbùkù tó ti wà nínú irin rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ṣe é ni iná mànàmáná bá níbẹ̀, ló bá di sísán tó ń gùn sí i. Ojú lásán ò tó yẹ apá tí mànàmáná bá ti kàn.

Hẹlikọ́pítà tó ní apá abẹ̀bẹ̀ méjì péré ní ewu tirẹ̀. Tí atẹ́gùn bá gbé e sókè, tí awakọ̀ sì ti ọ̀pá ìdarí síwájú, ìwúwo ọkọ̀ á kúrò lára abẹ̀bẹ̀, orí abẹ̀bẹ̀ lè lu ọ̀pá tó gbé e dúró, kó sì gé e. Kí awakọ̀ rọra fa ọ̀pá ìdarí sẹ́yìn ni, kó sì dín eré kù.

Pápá kékeré tó hẹlikọ́pítà láti balẹ̀, àǹfààní ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí eruku tó dé ni kó ti balẹ̀, kí abẹ̀bẹ̀ ti dúró pátápátá. Apá tó ń yí díẹ̀díẹ̀ ò lágbára láti na ara rẹ̀. Ẹ̀fúùfù lè gbé e sókè, kó sì já a lu ìrù ọkọ̀. Tó bá ti dúró, kí wọ́n fi okùn so apá náà mọ́ ara ọkọ̀.