Ìró àtọwọ́dá: bí wọ́n ṣe ń fi sáńpílà àti kọ̀ǹpútà ṣe é

Ìró àtọwọ́dá, tí àwọn ará sítúdíò ń pè ní sound effect, ni ìró tí wọ́n dìídì ṣe sínú fíìmù, géèmù tàbí eré orí rédíò, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu, tí kì í sì í ṣe orin. Ilẹ̀kùn tó ń han, ìbọn, ààrá, ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Èèyàn lè rò pé tí wọ́n bá ń wá ìró ìbọn, wọ́n kàn máa gbé máíkì lọ síbi tí wọ́n ti ń yìnbọn ni, àmọ́ ìbọn gidi tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè dún tín-ín-rín bí ìgbà tí igi gbígbẹ bá ṣẹ́, etí òǹwòran ò sì ní gbà á, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìró nǹkan mìíràn ni wọ́n sábà máa ń yá lò.

Iṣẹ́ yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ní nǹkan bíi 1929, Jack Foley ní iléeṣẹ́ fíìmù Universal ní Hollywood máa ń wo àwòrán, á sì máa fi bàtà àti aṣọ ṣe ìró bó ṣe ń lọ, títí dòní Foley ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ yẹn. Ní 1963 Mellotron jáde ní Birmingham, kíbọ́ọ̀dù tó jẹ́ pé téèpù wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan, BBC náà sì lò ó fún ìró àtọwọ́dá. Peter Vogel àti Kim Ryrie mú Fairlight CMI jáde ní Sydney ní 1979, sáńpílà ni, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba ìró sílẹ̀ kéèyàn lè máa tẹ kọ́kọ́rọ́ láti fi dá a dún, nọ́ńbà lòun fi ń tọ́jú ìró dípò téèpù, àmọ́ owó gọbọi ni wọ́n ń tà á. Sáńpílà mìíràn tó ń jẹ́ Emulator tẹ̀ lé e ní 1981, MPC60 tí Roger Linn ṣe fún iléeṣẹ́ Akai sì dé ní 1988, gbogbo ìró tó lè gbà sínú ò ju bíi sẹ́kọ́ńdù 13 lọ tí wọn ò bá fi mẹ́mọ́rì kún un.

Ohun tí sáńpílà ń ṣe ni pé ó ń wọn ìró ní àìmọye ìgbà láàárín sẹ́kọ́ńdù kan, 44,100 ni ti sídíì, ó sì ń kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀. Tó o bá tẹ kọ́kọ́rọ́ tó fi 12 relẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, á ka nọ́ńbà yẹn ní ìdajì eré tó ń sá tẹ́lẹ̀, ìró á wálẹ̀, á sì gùn ní ìlọ́po méjì. Ibí gan-an ni agbára iṣẹ́ yìí wà, torí ohun tó bá tóbi lohùn ẹ̀ máa ń wúwo tó sì máa ń falẹ̀, etí wa sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, nítorí náà ohùn ológbò tí wọ́n bá fà sílẹ̀ dáadáa lè di ti ẹranko ńlá. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé 44,100 ò lè gbé ìró tó ga ju 22,050 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní sẹ́kọ́ńdù kan), tó o bá sì fà á sílẹ̀ báyìí, 11,025 ló kù, ìró á wá bò bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń gbà á sílẹ̀ ní 96,000 tàbí 192,000, pẹ̀lú máíkì tó lè gbọ́ kọjá ohun tí etí èèyàn ń gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni títò ìró lórí ara wọn. Tí bọ́ǹbù bá bú, ìró kan kọ́ ló wà níbẹ̀: “pà!” ti ìbẹ̀rẹ̀ wà, “gbì” tó ń mi àyà wà, “rururu” tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ náà wà, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ti lè rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n á gé ìsàlẹ̀ “pà” kúrò, wọ́n á gé òkè “gbì” kúrò, kí wọ́n má baà máa jà síra wọn. Ohùn dáínásọ̀ ńlá inú Jurassic Park, 1993, tí Gary Rydstrom ṣe, ọmọ erin, ẹkùn àti ọ̀nì ló wà nínú ẹ̀. Ti Star Wars ní 1977 tún wú mi lórí jù: Ben Burtt mú híhùn mọ́tò ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tan fíìmù sára ògiri, ó pa á pọ̀ mọ́ ariwo tí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n sọ sínú máíkì, ohùn idà oníná dé nìyẹn. Kó lè dà bí idà tí wọ́n ń fì, ó gbé ìró yẹn sí sípíkà, ó wá ń fi máíkì mìíràn jù síwá sẹ́yìn níwájú ẹ̀, bó bá ń sún mọ́ ọn ohùn á lọ sókè, bó bá ń lọ á wálẹ̀.

Lónìí kọ̀ǹpútà kan ti gba iṣẹ́ gbogbo àwọn ẹ̀rọ yẹn. Nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe é, Pro Tools ti wà láti 1991, Audacity jẹ́ ọ̀fẹ́ láti 2000, Reaper dé ní 2006, FL Studio tí wọ́n ṣe ní Bẹ́ljíọ̀mù sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe orin ní Nàìjíríà fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ò ní máíkì lè lọ sí Freesound, ìkànnì táwọn èèyàn ti ń pín ìró, tí Yunifásítì Pompeu Fabra ní Barcelona dá sílẹ̀ ní 2005, àmọ́ kó ka láísẹ́ńsì ìró kọ̀ọ̀kan dáadáa torí òmíràn ò gba kéèyàn fi pawó. Síbẹ̀, òjò orí páànù àti jẹnẹrétọ̀ àdúgbò, ó dáa kéèyàn lọ gba tiẹ̀ fúnra ẹ̀.

Ti géèmù tún ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹsẹ̀ kan náà lè dún ní ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín wákàtí kan, tó bá sì jẹ́ sáńpù (ìró tí wọ́n gbà sílẹ̀) kan ṣoṣo ni, kò ní pẹ́ tí etí á fi mọ̀ pé kì í ṣe èèyàn ló ń rìn. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń gba ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ bíi ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ, tí géèmù á máa ṣa wọ́n mú láìtẹ̀ lé ètò kankan, tí á sì máa yí gíga ohùn wọn padà díẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan.