Ọ̀pá ìdarí bàálù: ọ̀pá kan, iṣẹ́ méjì

Àbúrò kan tó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ní Òkè-Fìà, nílùú Òṣogbo, fi àwòrán bàálù kékeré tó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kàn hàn mí. Ìyẹ́ wà níbẹ̀, ìrù wà, ìjókòó wà. Ṣùgbọ́n láti ìjókòó dé ìrù, ìlà kan ṣoṣo ló fà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ yẹn ò le, wáyà lásán ni." Ibẹ̀ gan-an ló le jù. Ìsokọ́ra ọ̀pá ìdarí ni à ń pè é: gbogbo irin, wáyà àti oríkèé tó ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ awakọ̀ lọ sí ìyẹ́ àti ìrù.

Ọ̀pá ìdarí ló dúró sáàárín itan méjèèjì awakọ̀. Bó bá fà á mọ́ra, pátákó ẹ̀yìn ìrù tí wọ́n ń pè ní elevator á gbéra, imú bàálù á sì dìde. Bó bá tì í síwájú, imú á dorí kodò. Bó bá tẹ̀ ẹ́ sí òsì, aileron, ìyẹn pátákó tó wà létí ìyẹ́, ti òsì á gbéra, ti ọ̀tún á wálẹ̀, bàálù á sì fẹ̀gbẹ́ sí òsì. Ẹni tó ń ya ìsokọ́ra náà ló gbọ́dọ̀ rí i pé iṣẹ́ kan ò dá sí èkejì.

Ẹ wo ọ̀kadà. Búréèkì ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú èyí tó ń ná oríta Ọláìyá, irin gbọọrọ kan ló ń fà á. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á ní kí èèyàn jókòó lé ọ̀kadà kó tó fún irin náà. Ìdí ni pé bí ẹrù bá tẹ ọ̀kadà mọ́lẹ̀, apá tó gbé táyà ẹ̀yìn dúró ń yí lórí oríkèé kan, irin búréèkì ń yí lórí òmíràn. Oríkèé méjèèjì ò sí lójú kan náà, ni irin bá fà tàbí kó dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fẹsẹ̀ kan búréèkì.

Bàálù náà ní irú wàhálà yìí. Páìpù kan sábà máa ń wà lábẹ́ ìjókòó, ó dùbúlẹ̀ láti iwájú sẹ́yìn, ó sì lè yí. Ọ̀pá ìdarí dúró lórí rẹ̀. Bí ọ̀pá bá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun àti páìpù á jọ yí, aileron á sì gbọ́. Bó bá lọ síwájú tàbí sẹ́yìn, páìpù ò ní mì. Ìdí ọ̀pá tó yọ nísàlẹ̀ ló ń ti irin elevator. Ká ní ìdí náà fi 60 mìlímítà yọ sísàlẹ̀, tí awakọ̀ sì tẹ ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní dígíríì 25: ìdí á fi nǹkan bí 25 mìlímítà lọ sí òdìkejì. Bí irin tó so mọ́ ọn bá jẹ́ 400 mìlímítà, tó sì lọ sẹ́yìn tààrà, á fi nǹkan bí 0.8 mìlímítà fà. Bí apá tó ń fà lára elevator bá jẹ́ 60 mìlímítà, elevator ti yí ní nǹkan bí dígíríì 0.8 nìyẹn, awakọ̀ tó kàn fẹ́ yà ò sì rán an níṣẹ́. Ó yà sí òsì o, ó yà sí ọ̀tún o, ọ̀nà kan náà ni elevator máa ń yí sí.

Àtúnṣe rẹ̀ wù mí gan-an. Ẹ gbé oríkèé ẹ̀yìn irin yẹn sójú ìlà tí páìpù fi ń yí. Ewúrẹ́ tó fa okùn rẹ̀ le, bó ti wù kó yí èèkàn ká tó, okùn ò ní gùn, kò ní kúrú. Èèkàn ni oríkèé ẹ̀yìn yẹn. Bí àyè ò bá gbà á, ẹ jẹ́ kí irin gùn: 1200 mìlímítà á sọ àṣìṣe náà di ìdá kan nínú mẹ́ta.

Irin gígùn ní ewu tirẹ̀ ṣá. Ẹ fi ìka ti ẹyọ ìgbálẹ̀ kan mọ́lẹ̀ lóòró, á tẹ̀ kíá. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì, á dúró. Bí gígùn irin bá di ìlọ́po méjì, ipá tó máa tẹ̀ ẹ́ á di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn páìpù tí nǹkan dì mú láàárín ọ̀nà kó má bàa tẹ̀. Wáyà ò ní ìṣòro yẹn, àmọ́ fífà nìkan ló mọ̀, kò mọ títì: méjì lẹ máa nílò.

Oríkèé tó bá ń yí, ẹ má fi nọ́ọ̀tì lásán sí i. Nọ́ọ̀tì tó ní eyín lórí ni kẹ́ ẹ lò, kí píìnì la bóòtù já.

Bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì, wọ́n sábà máa ń tú ìyẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sórí tírélà. Bí wọ́n bá tò ó padà, ẹnì kan á di aileron mú ṣinṣin, ẹnì kejì á rọra tẹ ọ̀pá ìdarí. Bí ọ̀pá bá lọ fàlàlà, nǹkan kan ò so mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni awakọ̀ á di ọ̀pá mú, á na àtàǹpàkò sókè, á sì tẹ ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́: ìyẹ́ tí àtàǹpàkò bá kọjú sí, aileron tirẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbéra.